Ọpẹ́ Tó Ṣìnà Wọ Ilé Bàbá Kọ́lá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n háyà yàrá lọ́dọ̀ mi níbí ní Ọ̀yẹ́ mọ ọpẹ́ ẹ́ dú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ mọ́ wọn. Bí mo bá bu ọbẹ̀ fún wọn nírọ̀lẹ́, kí n tó padà dé ìdí ààrò, fóònù mi á ti dún. Bí mo bá ṣí i wò, àtàǹpàkò kan ni yóò nà ró síbẹ̀, àtàǹpàkò tí kò ní ara, tí kò ní ojú, tí kò ní ẹnu. Ọpẹ́ ti parí nìyẹn. Abọ́ mi á dé lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀ lódindi, bóyá kí àárò ọbẹ̀ mi má baà sọ mí ni. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tó já fáfá, sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé ọkùnrin kan wà lórí fóònù òun tó ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń dàgbà nínú ọkàn. Ọkùnrin náà ní kí èèyàn máa dúró níwájú dígí láràárọ̀, kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Mo bi í pé ta ni yóò wá máa dáhùn pé "kò tó ọpẹ́". Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà!" Inú mi dùn pé Yèyé mi ti kú kó tó gbọ́ irú èyí, nítorí ìyẹn ì bá tún kú.

Ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀ tí mo dàgbà sí lọ́dọ̀ Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, iṣẹ́ ilé ni ọpẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn. Bí a ṣe ń gbálẹ̀, tí à ń pọnmi, tí à ń gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ dànù, bẹ́ẹ̀ náà ni à ń dúpẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fún wa ní nǹkan lónìí, à á dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ò kà. Bó bá di àárọ̀ ọ̀la, kí ipin tó kúrò lójú mi, Yèyé á ti lọgun láti inú yàrá, "Àbẹ̀kẹ́! Ṣé o ti kí àwọn ará ulé ọ̀hún kú àná?" N ó gba ìta lọ, n ó kúnlẹ̀ sínú ìrì, n ó ní, "Ẹ ṣeun àná o." Bí a bá tún pàdé ẹni náà lọ́nà odò lọ́jọ́ kẹta, ọpẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Mo rántí obìnrin kan tó fún wa ní ata rodo díẹ̀, ata tó ti ń rọ, tí mo dúpẹ́ rẹ̀ títí tí obìnrin náà fi bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́ fi òun sílẹ̀. Òfin kejì wà tó tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ: baálé là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó ló se oúnjẹ, ìyàwó ló bù ú, ìyàwó ló rù ú wá fún wa nínú òjò, ṣùgbọ́n baálé tó jókòó sórí àga tó ń lé eṣinṣin ni a máa kúnlẹ̀ fún láàárọ̀. "Ohun tó bá jáde láti inú ulé, baálé ló fún ni," Yèyé á wí. Bí mo bá bi í pé kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀, á ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kò dáhùn ìbéèrè mi o, ṣùgbọ́n òwe ni, ta sì ni í bá òwe jiyàn?

Ní ti pé kí Yèyé fúnra rẹ̀ yin ẹnì kan nínú ilé, ẹ gbàgbé ìyẹn. Ọpẹ́ tirẹ̀, ti ìta ni. Bí mo bá gbá àgbàlá mọ́ tónítóní, á jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, á wo ọ̀tún, á wo òsì, títí yóò fi rí ewé kan. "Eléyìí ńkọ́? Ṣé bàbá rẹ ló ń bọ̀ láti Kánò wá gbé e?" Bàbá mi wà ní Kánò lóòótọ́, òun àti ìyá mi, wọ́n ń wá owó, owó náà sì ti mọ̀ pé wọ́n ń wá òun, ó ń sá pamọ́ fún wọn. Nítorí náà èmi àti Yèyé nìkan la jọ wà. Nígbà tí mo rí i pé mo gbálẹ̀ o, mi ò gbálẹ̀ o, ewé kan á ṣáà wà, mo fi gbígbálẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ọ̀lẹ ni mí nígbà náà, mo sì mọṣẹ́ náà dunjú. Bí wọ́n bá pè mí pọnmi, mo ti wà nílé ìgbẹ́. Bí wọ́n bá pè mí gún ata, inú ti ń run mí.

Odó ni aago wa. Bí oòrùn bá ti ń lọ sílé, wàá gbọ́ ọ láti agboolé dé agboolé, odó ń dún, odó ń dáhùn, Yèyé á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà máa ka ìròyìn ìlú láti inú ariwo yẹn. "Àwọn wọ̀nyí ń gún kókò, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ṣe pọ̀tọ̀-pọ̀tọ̀. Eléyìí, uyán gidi ni. Ulé Bàbá Kọ́lá nìyẹn, ọmọ odó méjì." Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí kò bá gún iyán kò tíì jẹun. Èèyàn lè jẹ ìrẹsì kó yó bámúbámú, bí o bá bi í pé ṣé ó ti jẹun, á ní òun kàn fi nǹkan panu ni. Ilé tí odó rẹ̀ bá dákẹ́ nírọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ pé ebi ti wọ ibẹ̀, àánú sì máa ń ṣe wọ́n gan-an, wọ́n á máa sọ ọ́ kiri pé àánú ń ṣe àwọn.

Bàbá Kọ́lá tí mo dárúkọ yìí, àbúrò bàbá bàbá mi ni, òun sì ni olórí ẹbí wa. Ọgbà nìkan ló pààlà ilé rẹ̀ àti tiwa. Oko rẹ̀ ló tóbi jù nínú ẹbí, iṣu rẹ̀ ló ta jù, ọwọ́ rẹ̀ ló sì le jù. Bó bá fún ọ níyọ̀, á kọ́kọ́ gbọn ìka rẹ̀ padà sínú abọ́ tirẹ̀. Ewúrẹ́ tó bá ya ilé rẹ̀ láti jẹ èèpo iṣu, ebi ló máa gbé padà lọ, torí èèpo tí wọ́n ń bẹ níbẹ̀, o lè rí ọ̀run láti inú rẹ̀. Àgbà ìjọ ni. Àdúrà rẹ̀ ló gùn jù nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọrẹ rẹ̀ ló kúrú jù. Nígbà tí bàbá bàbá mi kú, tí ẹbí pé jọ láti pín oko, Yèyé dìde láàárín ìpàdé, ó ní bí wọ́n bá fi àáké la ọwọ́ Bàbá Kọ́lá, kò ní là. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Kọ́lá ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ọ̀run, ó ní iṣu oko òun kò tún ní wọ ẹnu ará ilé Yèyé mọ́ láyé. Gbogbo Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ló gbọ́ ìbúra náà. Fún bàbá yẹn, ìbúra tó dùn ún mú ṣẹ nìyẹn.

Ọdún tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni Yèyé yọ̀ ṣubú lọ́nà oko, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ṣẹ́. Wọ́n lọ pe bàbá kan tó ń to eegun, ó fi igi pẹlẹbẹ àti aṣọ di ẹsẹ̀ náà, ó ní kó má tẹ ilẹ̀. Bí oko ọdún yẹn ṣe lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ ebè kan fún wa. Iṣu tó kù nílé, a jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó tán, Yèyé ní kí n máa se ẹ̀gẹ́, kí n máa gún ìyẹn nínú odó, kí n sì máa gún un kíkankíkan. Mo máa ń gún un títí apá á fi ro mí, kì í ṣe torí pé ẹ̀gẹ́ náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí àwọn tí àánú ń ṣe ni.

Etí àdúgbò la lè tàn jẹ, a ò lè tan ikùn. Obìnrin kan wà ní Èkó tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Bísí. Ìbátan wa ni, wọ́n ní, ṣùgbọ́n bí o bá ní kí wọ́n ṣàlàyé okùn ẹbí náà, wọ́n á máa wojú ara wọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọbìnrin kékeré tí yóò máa bá òun gbé ọmọ, tí òun náà yóò sì rán lọ sílé ìwé. Irú ilé ìwé yẹn, a mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan láti àdúgbò wa ti lọ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó fi máa padà dé, àwo fífọ̀ nìkan ló kà jáde. Yèyé ránṣẹ́ sí Àǹtí Bísí pé bí ilé ìwé bá ti parí, kó wá mú mi. Mo gbọ́ nígbà tó ń rán awakọ̀ kan tó ń lọ sí Èkó níṣẹ́ náà. Ó ní, "Kàkà kí ebi pa á sí mi lọ́rùn." Mo lọ sẹ́yìn ilé ewúrẹ́, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mi ò fẹ́ lọ. Yèyé tí kì í yin ni, ewé kan tó máa ń wá kiri ní gbogbo àárọ̀, ariwo odó, gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọwọ́ kan yọ láti inú ihò tó wà nídìí ọgbà, lẹ́yìn ilé ìdáná wa. Ọwọ́ Ìyá Kọ́lá ni, ìyàwó Bàbá Kọ́lá. Mo dá ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ó ti iṣu ńlá kan bọ́ sọ́dọ̀ mi, ó tún ti òmíràn bọ́, lẹ́yìn náà ló gbé ojú sí ihò náà, ó sì fi ìka lé ètè. Yèyé ń sùn nínú yàrá, ẹsẹ̀ sì ti ń ro ó látàárọ̀, nítorí náà mo rò pé kí n má jí i ló ń wí. Obìnrin tó mọ ìtọ́jú aláìsàn, mo wí lọ́kàn mi. Mo se iṣu náà wọ́ọ́rọ́wọ́, mo gún un. Yèyé jẹ ẹ́, ó wò mí, ó wo ọgbà, ó tún bu òkèlè. Èmi ti ń ronú ọ̀la: baálé ló fún ni, mo sì rò pé Bàbá Kọ́lá ti gbàgbé ìbúra rẹ̀. Mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan tí wọn ò rán mi, kí Yèyé lè rí i pé mo wúlò, kó má baà jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo bọ́jú, mo gba iwájú ilé Bàbá Kọ́lá lọ. Àwọn àgbà ìjọ pé síbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jò. Mo kúnlẹ̀ láàárín wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo gbé ohùn sókè bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

"Bàbá, ẹ ṣeun àná o. Uṣu tí ẹ fún wa, a gún un, a jẹ ẹ́, ó dùn. Ọlọ́run á bù kún oko yín."

Mo gbọ́ tí igbá bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Kọ́lá nínú ilé. Bàbá Kọ́lá ya ẹnu, kò rí ohun tó máa fi dí i. Bó bá ní òun ò fún wa, wọ́n á ní ta wá ni olè tó ń kó iṣu inú ilé rẹ̀ fún opó. Bó bá ní ìyàwó òun ni, a jẹ́ pé obìnrin ń ṣe ohun tí òun ò mọ̀ lábẹ́ òrùlé òun, lójú àgbà ìjọ. Kó tó rí èyí tó máa mú nínú méjèèjì, ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà ti fọwọ́ lu orúnkún.

"Háà, Bàbá Kọ́lá! Ẹ ti bá Ìyá Adé parí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ ò sì sọ fún ẹnì kan?" Yèyé ni Ìyá Adé náà, torí Adé ni bàbá mi.

"Ohun tí Bíbélì wí nìyẹn," ẹlòmíràn dáhùn. "Ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe é, ọwọ́ òsì ò mọ̀."

Ní ti èyí, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọwọ́ òsì náà jókòó síbẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Bàbá Kọ́lá gbé itọ́ mì, ó wo ojú wọn yí po, ó wò mí.

"Kò... kò tó ọpẹ́," ó wí.

Kò tíì sí ọ̀rọ̀ tó ná an tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi, mo ń fò lọ sílé. Inú mi dùn dé ibi tí mo fi gbálẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà tí àwọn àgbà ìjọ tú ká tí Bàbá Kọ́lá fi wọ ilé wa, fìlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. "Ìyá Adé! Ta ló rán ọmọ yìí sí mi?" Yèyé jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n dì. Ó wo Bàbá Kọ́lá, ó wò mí níbi tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ka ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá gbé ohùn kan sókè tí mi ò mọ̀ pé ó kù lára rẹ̀.

"Ọkọ mi! Ẹ mà ṣeun o! Ẹ ò ní rí àánú Olúwa tì!"

Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí. Bàbá Kọ́lá rẹ ohùn sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ ọ́ sínú agbádá rẹ̀. "Ìyá Adé, mi ò fún yín ní uṣu kankan."

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará ulé!" Yèyé kígbe. "Ó ní òun ò fún wa ní nǹkan kan! Ẹ wá wo ẹni tó ń ṣoore tí ò fẹ́ ariwo!"

Wọ́n wá wò ó lóòótọ́. Wọ́n ń ṣàdúrà fún un bó ṣe ń padà lọ, ó sì ń ṣe àmín, kí ló tún fẹ́ ṣe? Nígbà tó wọlé tán, mo ti ń wá ibi tí n ó fi ẹ̀yìn mi sí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pá Yèyé wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín, ó ń fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ mú torí ẹ̀rín náà ń dùn ún dé eegun. Ó ní, "Yíńni-yíńni, kí ẹni lè ṣe òmíràn. Láti ọ̀la lọ, Àbẹ̀kẹ́, o ó máa lọ kí i ní gbogbo àárọ̀."

Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì mo dúpẹ́ iṣu tí a jẹ. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Yèyé ní kí n dúpẹ́ èyí tó ń bọ̀. "Èwo ló ń bọ̀?" Bàbá Kọ́lá bi mí. Mo ní mi ò mọ̀, Yèyé ló mọ̀. Alálejò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń mi orí pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọkùnrin Bàbá Kọ́lá ru iṣu wá fún wa, ó sì gba àárín ìlú, tí kò yẹ kó gbà rárá, kí ẹni tí ojú ń dùn pàápàá má baà pàdánù. Lọ́jọ́ ìsinmi, àlùfáà fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ìwàásù. Mo rí Bàbá Kọ́lá ní ìjókòó iwájú, ó rì sínú ìyìn náà pátápátá, eyín rẹ̀ kan tí mi ò rí rí ń tàn. Lẹ́yìn náà ló kan òrùlé ilé wa tó ń jò sórí ibùsùn Yèyé. "Bàbá, ẹ ṣeun ti páànù." "Páànù wo?" "Èyí tí Yèyé ní ẹ ò ní jẹ́ kí òjò tó ń bọ̀ bá a nílẹ̀." Ó wo ojú ọ̀run fún ìgbà pípẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó gbé àkàbà wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu.

Mo fẹ́ kí ọkùnrin orí fóònù yẹn wá ṣàlàyé èyí fún mi. Bàbá Kọ́lá kò wo dígí rí. Mi ò rò pé dígí wà nílé rẹ̀, nítorí ta ló máa ra ìyẹn? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ fún un láràárọ̀ nítorí ohun tí kò ṣe, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yípadà lójú mi. Ó ń tètè jáde jókòó. Ó ń dé fìlà dè mí. Bí mo bá pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ láti ìhà kejì ọgbà. Ó ń fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní ọsàn bí wọ́n bá ń kọjá, ọsàn tí wọn ò tọrọ, wọ́n sì kọ́kọ́ ń sá torí wọ́n rò pé ó fẹ́ mú wọn ni. Bó sì ṣe ń gba ìyìn náà ló ń san án padà fún mi. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà pé, "Ẹ wo ọmọ Ìyá Adé yìí. Kò sí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ tó o ní gbogbo Ẹ̀dá. Ó ń ṣe uṣẹ́ bí àgbà." Èmi tí mò ń sá wọ ilé ìgbẹ́! Irọ́ ló ń pa mọ́ mi, èmi náà ò sì fẹ́ kí àgbà di elékèé nítorí mi. Mo ń jí pọnmi kí odò tó dàrú. Mo ń gbálẹ̀ dé ìdí ọgbà kí ojú rẹ̀ lè tó o. Títí dòní, bí mo bá ń gbálẹ̀, ohùn bàbá yẹn ni mò ń gbọ́, kì í ṣe ti Yèyé.

Ìyá Kọ́lá nìkan ni kò rí nǹkan kan gbà nínú àríyá náà. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìkòkò tó ń fọ̀ pé, "Èmi tí ẹ̀gún ha lọ́wọ́ nídìí ọgbà, ta ló kí mi kú àná? Baálé ló fún ni, àbí? Ọlọ́run ń rí wa." Yèyé gbọ́ òun náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹ̀tẹ̀ àti ẹyin adìyẹ ránṣẹ́ sí i gba inú ihò kan náà, nítorí ọpẹ́ obìnrin sí obìnrin kì í gba ojú títì.

Báyìí la ṣe jẹun dé ìgbà tí ilé ìwé parí. Mo ti ń gbàdúrà pé kí Àǹtí Bísí ti gbàgbé wa. Àwọn tí à ń fẹ́ kó gbàgbé wa kì í gbàgbé. Ó dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọkọ̀, lọ́fínńdà àti búrẹ́dì Èkó méjì, ó ń pè mí ní "ọmọ mi" kó tó bi mí lórúkọ. Mo wo ojú Yèyé. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ebè kan lóko, kò sì sí ìròyìn láti Kánò. Ó ní, "Ẹyin lohùn. Ó ti fọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́." Ó di aṣọ mi sínú àpò náílọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, ó ń tẹ́ wọn, ó ń tún wọn tẹ́, bí ẹni pé ó ń wá ewé kan níbẹ̀ tí kò rí.

Ọmọ kì í kúrò nílé ẹbí láìjẹ́ pé olórí ẹbí gbàdúrà fún un, nítorí náà wọ́n lọ pe Bàbá Kọ́lá. Ó dé, ó kí àlejò, ó ní kí n kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Gbogbo wa di ojú, a sì múra sílẹ̀ fún àdúrà gígùn. A dúró. A ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo la ojú, ó ṣì gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń wo àpò náílọ́ọ̀nù náà.

"Ọmọ yìí ò níí lọ," ó wí.

Àǹtí Bísí rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. "Bàbá, àwọn ló ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní kò sóhun tí wọ́n máa fi bọ́ ọ. Ta ló máa wá máa bọ́ ọ?"

"Èmi."

"Ilé ìwé rẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

Kò sẹ́ni tó tíì kí i fún ìyẹn. Yèyé ò rán mi, èmi náà ò sì gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kò sí alálejò, kò sí àgbà ìjọ, kò sí àlùfáà nítòsí tó máa fi ṣe ìwàásù. Ó ní kí wọ́n kó iṣu sẹ́yìn ọkọ̀ Àǹtí Bísí kí ìrìn rẹ̀ má baà já sófo, obìnrin náà sì wakọ̀ lọ pẹ̀lú ìbínú àti iṣu. Ẹnu Yèyé tó ń dúpẹ́ páànù tí wọn ò tíì kàn, ọpẹ́ kú mọ́ ọn nínú. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, kò lọgun pè mí. Mo bọ́jú, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo bi í pé kí ni kí n lọ sọ. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó gbá ọwọ́ mọ́ra. "Dúró ná," ó wí. Mo dúró. Oòrùn là, ìrì gbẹ, àwọn ọmọ tó lọ pọnmi ti ń padà bọ̀. Mo tún bi í. "Mo ní kí o dúró ná." Mo gbọ́ ikọ́ láti ìhà kejì ọgbà, mo tún gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ikọ́ náà dé ẹnu ọ̀nà wa, Bàbá Kọ́lá sì yọ orí wọlé pẹ̀lú fìlà rẹ̀.

"Ìyá Adé, ṣé ulé yìí sùn re? Mo jókòó, jókòó, mi ò rí ẹni wá kí mi."

Yèyé di ògiri mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Bàbá Kọ́lá ní rárá, kó fi ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ dé ilẹ̀. Kò pariwo lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

"Ọkọ mi," ó wí, "gbogbo èyí tí mo ti ń kí yín láti ujọ́ yìí, urọ́ ni mo ń pa."

"Mo mọ̀," Bàbá Kọ́lá wí. "Ẹ má dákẹ́."